Ọkọ̀ Ti Sú Mi, Lóònù Ẹ̀ Ò Tíì Tán: Ṣé Mo Lè Pààrọ̀ Ẹ̀?

Mo wà lẹ́bàá títì nítòsí Bólọ́rundúró, mo ń bọ̀ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́, mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, èéfín ń rú bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ni fóònù mi bá dún. Mo rò pé mẹkáníìkì ló ń pè mí padà. Álátì ni. Wọ́n ti yọ 200,000 náírà lákáǹtì mi, owó lóònù ọkọ̀ yìí kan náà tó dúró síwájú mi tó ń rú èéfín. Mo wo fóònù, mo wo ọkọ̀, mo dorí jẹ́ríkàn omi kodò mo jókòó lé e, ẹ̀rín wá ń pa mí.

Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé ti dá sí i. Ìyàwó mi ní kí n tà á kíá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ta ló ń ta ọkọ̀ tó ṣì ń san gbèsè ẹ̀, pé ọlọ́pàá á wá gbé mi. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní FUTA ní kí n lọ gba lóònù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́, kí n fi san èyí, kí n fi ìyókù ra ọkọ̀ míì. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè irú gbèsè tí mo jẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Torí pé “mo fi lóònù ra ọkọ̀” tí gbogbo wa ń sọ yìí, oríṣi mẹ́ta ó kéré tán ló wà níbẹ̀. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ kọ́pùrétífù ibi iṣẹ́ ẹ̀ ní Alágbàkà, tí wọ́n ń yọ ọ́ lára owó oṣù ẹ̀, tí àwọn méjì sì ṣe onídùúró fún un, ọkọ̀ ẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ọkọ̀ jẹ́ tiẹ̀, gbèsè jẹ́ tiẹ̀, àwọn méjèèjì ò mọra. Ó lè ta ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ ọ̀la, kọ́pùrétífù ò ní bi í léèrè, owó wọn lópin oṣù ni wọ́n mọ̀, tí kò bá sì wọlé, ọrùn àwọn onídùúró ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Ìyàwó mi tọ̀nà fún irú ẹni yẹn.

Èkejì ni èyí tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ jẹ́ ohun ìdúró. Irú èyí ni tèmi. Microfinance kan nílùú yìí ló yá mi lówó, wọ́n gba pátíkúlà ọkọ̀, wọ́n gba pépà kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ wà nínú sééfù wọn. Mò ń wa ọkọ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń ra epo sí i, àmọ́ mi ò lè tà á láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ sí i. Kẹ́ ẹ má sì rò pé pépà nìkan ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ o, láti 2017 la ti ní òfin kan lórílẹ̀-èdè yìí tó jẹ́ kí ẹni tó yáni lówó lè forúkọ irú dúkìá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní National Collateral Registry, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lè wò ó níbẹ̀ bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ sọ pé pépà sọ nù kẹ́ ẹ gba tuntun kẹ́ ẹ wá ta ọkọ̀ lábẹ́lẹ̀, ọ̀daràn ló fẹ́ sọ yín dà. Ibi yìí ni ọlọ́pàá ti ẹ̀gbọ́n mi sọ ti lè wọlé.

Ẹ̀kẹta ni háyà pọ́ṣéèsì, ẹ wo ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àti kọ̀rọ̀pẹ̀ tó ń ná Ọjà Ọba sí Róòdù Búlọ́ọ̀kù, bí wọ́n ṣe gbà wọ́n nìyẹn. Èyí yàtọ̀ pátápátá, torí ọkọ̀ náà kì í ṣe ti dírẹ́bà rárá títí tó fi máa san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, ṣe ló háyà ẹ̀. Ẹ ò lè ta ohun tí kì í ṣe tiyín. Àmọ́ òfin ò fi dírẹ́bà sílẹ̀ lásán náà o, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí: òfin háyà pọ́ṣéèsì ti wà láti 1965, ó sì sọ pé tí ẹ bá ti san tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tó ni ín ò lè ṣàdédé wá já a gbà lọ́wọ́ yín mọ́, kóòtù ló gbọ́dọ̀ gbà lọ. Ká ní mílíọ̀nù márùn-ún ni gbogbo àdéhùn yín, tí ẹ ti san mẹ́ta, ẹsẹ̀ yín ti múlẹ̀ díẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀ ni mo sọ o, torí tí owó ìgbà mẹ́ta bá ti wọlé sórí ara wọn tẹ́ ò san, òfin yẹn kan náà gbà kí ẹni tó ni ọkọ̀ wá gbé e lọ síbi tó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀ kó má baà bà jẹ́, títí kóòtù á fi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí háyà ọkọ̀ ẹ̀ bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó tètè lọ bá olówó sọ̀rọ̀ kó tó jẹ owó ìgbà kẹta.

Ó yá, ẹ ti mọ irú gbèsè tẹ́ ẹ jẹ. Èló lẹ wá jẹ?

Ibi tí mo ti ṣìnà jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni mo yá, ọdún méjì ni mo fi máa san án, èlé ẹ̀ 2.5% lóṣù. Lọ́jọ́ tí mò ń buwọ́ lù ú, méjì àbọ̀ yẹn dà bí owó ẹ̀pà létí mi. Wọ́n ní flat rate ni, mo mi orí bí ẹni tó mọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: wọ́n á mú 2.5% nínú mílíọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn 75,000, ẹ ó máa san án lóṣooṣù láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹrìnlélógún, bí gbèsè bá ń lọ sílẹ̀ èlé ò ní bá a lọ sílẹ̀. Ojú owó fúnra ẹ̀, wọ́n á pín in sọ́nà 24, ó di 125,000. Ẹ ro ó pọ̀, 200,000 lóṣù. Ẹ sọ ọ́ lọ́nà 24, mílíọ̀nù mẹ́rin àti 800,000 ni, lórí mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ṣírò ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní reducing balance, èlé máa ń wà lórí ohun tó kù nìkan, tí gbèsè bá sì ń fò sílẹ̀ èlé ń tẹ̀ lé e. Mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn náà, 2.5% yẹn náà, ọdún méjì yẹn náà, owó oṣooṣù á jẹ́ bíi 167,700, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ á sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lé ní ogún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti tèmi lé ní 770,000. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí pépà ò yàtọ̀ o, 2.5% ni méjèèjì! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má béèrè “èló ni èlé yín”, kí wọ́n béèrè “èló ni mo máa san pátá títí tó fi máa tán”.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún mo ti san mílíọ̀nù kan. Nínú ìṣirò tèmi, mílíọ̀nù méjì ló kù, mo ní tí mo bá ta ọkọ̀ ní méjì àti díẹ̀, mo ti bọ́. Mo lọ bá wọn. Ọmọbìnrin tó ń mójú tó lóònù yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi, ó ní, “Dádì, ẹ wo ibí yìí. Nínú mílíọ̀nù kan tẹ́ ẹ san, 625,000 ló lọ sórí owó tẹ́ ẹ yá. 375,000 yẹn, èlé ni.” Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mílíọ̀nù méjì àti 375,000 ló kù nínú ojú owó, tí mo bá fi èlé oṣù yẹn kún un, ó di 2,450,000.

Àmọ́ ibi tí oore wà nìyí, tí mi ò bá sì béèrè mi ò bá má mọ̀. Tí mo bá ń san án lọ bẹ́ẹ̀ títí oṣù 24, oṣù 19 ló kù, 3,800,000 nìyẹn. Tí mo bá san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 2,450,000. Wọ́n máa dárí èlé tó kù jì mí, torí ó wà nínú àdéhùn wọn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ibòmíì máa gba gbogbo èlé yẹn lọ́wọ́ yín, ibòmíì á tún fi owó ìjẹ̀bi lé e pé ẹ san án yá jù, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn sangbèsè. Torí náà ẹ béèrè, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí déètì wà lórí ẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn máa ń yí padà lóṣooṣù.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa wá lọ wádìí iye tí ọkọ̀ máa mú lónìí. Ẹ gbàgbé iye tẹ́ ẹ rà á. Owó tó ti lọ ti lọ, kò sẹ́ni tó máa fi san nǹkan kan fún yín lọ́jà. Mo mọ ẹnì kan tó ra tòkunbọ̀ ní ìparí 2022, náírà wá já lulẹ̀ ní June 2023, ọkọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ wá gbówó lórí ju bó ṣe rà á lọ, ó tà á, ó san gbèsè, ó ṣẹ́ kù. Orí ẹ̀ ló ṣe é. Tèmi, ìgbà tí gbogbo nǹkan ti wọ́n tán ni mo rà á, 3,300,000, ọ̀dà ara ẹ̀ tó ń dán ló sì wọ̀ mí lójú.

Èèyàn mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi. Iye tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí olúkúlùkù ń fẹ́ ni, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà. Dílà kan lọ́nà Ọ̀yẹ́mẹkùn ní òun máa san 1,500,000 bó ṣe wà yẹn, pẹ̀lú gíà ẹ̀ tó ti ń já. Mẹkáníìkì mi mú ẹnì kan wá tó ní 1,700,000. Ẹnì kẹta ní tí mo bá tún gíà ẹ̀ ṣe, òun máa san 2,350,000. Títún gíà ṣe, 450,000 ni wọ́n pè é, gíà bẹ́líjíọ́ọ̀mù pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tí mo bá tà á pẹ̀lú àìsàn ẹ̀, 1,700,000. Tí mo bá wò ó sàn, 2,350,000 ẹ yọ 450,000 kúrò, 1,900,000. Títún un ṣe fi 200,000 dára jù. Àmọ́ ká ní ẹni kẹta yẹn ní 2,000,000 ni, mi ò bá fi gíà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó máa rà á kẹ́ ẹ tó náwó. Kíkun ọkọ̀, pípààrọ̀ síìtì, àwọn nǹkan yẹn kì í mówó wọn padà wálé.

Ní báyìí, gbèsè 2,450,000, ọkọ̀ 1,900,000. Gbèsè fi 550,000 ju ọkọ̀ lọ. Àárín yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ń mú kórí èèyàn gbóná, torí títa ọkọ̀ ò ní pa gbèsè, èèyàn á ti ta ọkọ̀ tán, kò ní lọ́kọ̀, á tún máa wá 550,000.

Ìmọ̀ràn ọmọ àbúrò mi wá wọlé. Àwọn microfinance yẹn náà fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní àwọn lè fún mi ní top-up, ìyẹn lóònù tuntun tó tóbi ju tàtijọ́, mílíọ̀nù mẹ́rin, kí n san tàtijọ́, kí n fi ìyókù ra ọkọ̀ míì. Ó dùn létí. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé 550,000 ọkọ̀ tí mi ò ní mọ́ ti wọnú gbèsè ọkọ̀ tuntun lọ, mo sì tún máa san èlé lé e lórí fún ọdún méjì gbáko, 2.5% lóṣù, 330,000 nìyẹn jẹ́ lórí òkú ọkọ̀. Ọkọ̀ tuntun náà ò tíì jáde ní gáréèjì tí gbèsè ẹ̀ ti jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, dílà á ní kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ àtijọ́ wá, àwọn á bá yín san gbèsè ẹ̀, wọ́n á wá rọra da àárín yẹn sínú lóònù tuntun, àwọn kan ń san án fún ọdún méje. Owó oṣooṣù á kéré, ojú á fúyẹ́. Ó ní wọ́n fi ń sọ èèyàn di ẹrú ni.

Àwọn kan á ní ṣe ni kéèyàn dákẹ́, kó gbé owó oṣù lọ sí báńkì míì, kí wọ́n wá a. Ẹ má dán an wò. Láti August 2020 ni CBN ti gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI (Global Standing Instruction) jáde, BVN yín ló so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀, báńkì tẹ́ ẹ jẹ lówó lè na ọwọ́ dé àkáǹtì yín ní báńkì míì kó mú owó ẹ̀. Orúkọ yín á tún wọ ìwé àwọn credit bureau, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, ìgbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Ìnṣọ́ránsì ńkọ́? Ó dùn mí láti sọ ọ́, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Third party tí gbogbo wa ń san 15,000 fún, ẹni tẹ́ ẹ kọlù ló wà fún. Comprehensive gan-an, jàǹbá, iná, olè ló ń bójú tó, gíà tó kú fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ó kù ìbéèrè kan tí mo ti ń fò: ṣé ọkọ̀ yẹn burú tó bẹ́ẹ̀ àbí inú ló ń bí mi? Mo gbé jọ́tà ọmọ mi kan, mo kọ gbogbo ohun tí mo ti ná sí i láti oṣù márùn-ún sílẹ̀, mo wá pín in sọ́nà méjì. Táyà, bíréèkì, púlọ́ọ̀gì, ṣọ́ọ̀kì, bátìrì, ẹ fi ìwọ̀nyẹn sápá kan, kò sí ọkọ̀ tí kò ní béèrè wọn, èyí tẹ́ ẹ tún máa rà náà á béèrè wọn, pẹ̀lú ọ̀nà tiwa yìí. Apá kejì ni kẹ́ ẹ wò: ohun tẹ́ ẹ tún ṣe tó tún bàjẹ́. Tèmi gbóná, wọ́n pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ó tún gbóná, wọ́n pààrọ̀ ráídíétọ̀, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó tún gbóná ní Bólọ́rundúró. Èéfín funfun tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀ tí kò lọ tí ọkọ̀ bá ti gbóná tán, omi ọkọ̀ ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ni. Dúdú, epo ló pọ̀ jù, ìyẹn ò le tó àwọn tó kù. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì míì tí kò mọ ẹni àkọ́kọ́ wò ó, kì í ṣe pé tiyín jẹ́ olè, àmọ́ èèyàn kì í fẹ́ gbà pé iṣẹ́ òun ò dáa. Tí ohun tí ọkọ̀ ń gbà lápá kejì yẹn lóṣù bá ti ń sún mọ́ owó lóònù fúnra ẹ̀, lóònù méjì lẹ̀ ń san.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo bẹ kọ́pùrétífù wa ní 400,000, èlé tiwọn kéré gan-an, àjọ tí mò ń dá pẹ̀lú àwọn tó wà lọ́fíìsì kàn mí lóṣù yẹn, mo tún gíà ṣe, mo sì ní díẹ̀ nílẹ̀ fún àárín. Mo sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé ọkọ̀ yìí ti gbóná rí o, pé wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kó mú mẹkáníìkì tiẹ̀ wá. Ó mú un wá. Ó ní kò sí wàhálà, òun á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn pátápátá tó bá yá, bọ́dì ni òun ń rà. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì kó má baà pariwo títí owó á fi wọlé, ìlú wa ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ o, ẹ máa pàdé ní Ìsinkàn.

Inú ọ́fíìsì microfinance la ti ṣe é. Olùrà ò san kọ́bọ̀ kan sí àkáǹtì mi, tààrà sórí lóònù yẹn ló san án, 2,350,000, èmi fi 100,000 tó kù kún un níbẹ̀. Ohun tó fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nìyẹn, torí ẹ̀rù tó ń bà á ni pé mo lè gba owó ẹ̀ kí n má san gbèsè. Ọmọbìnrin yẹn tẹ lẹ́tà pé mi ò jẹ wọ́n ní gbèsè mọ́, wọ́n sáìn ín, wọ́n kó pátíkúlà àti kọ́kọ́rọ́ kejì fún wa, a kọ ìwé títà, a ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ ṣọ́ lẹ́tà yẹn bí ojú yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yọ orúkọ ọkọ̀ kúrò ní registry tí wọ́n bá fi síbẹ̀. Olùrà náà gbọ́dọ̀ lọ yí orúkọ ọkọ̀ padà sí tiẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e lọ tó bá ń lọ́ra, torí tí ọkọ̀ yẹn bá gbá ẹnì kan ní Ọ̀wọ̀ lọ́la, orúkọ yín ni wọ́n máa bá nínú kọ̀ǹpútà.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wọ kẹ̀kẹ́. Ìjàpọ̀ sí Alágbàkà, kò pa mí. 200,000 tí wọ́n ń yọ tẹ́lẹ̀, kọ́pùrétífù ń mú díẹ̀ níbẹ̀, mò ń kó ìyókù pamọ́. Ọkọ̀ tí mo fi ìyẹn rà báyìí kéré, ó dàgbà, kò dán. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé ilé ẹni tó ń tà á, èmi àti mẹkáníìkì méjèèjì, mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣí i. Tútù. Torí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìgbà tí mo lọ rà á, wọ́n ti sítáàtì ẹ̀ sílẹ̀ dè mí, wọ́n ní wọ́n fẹ́ kó ti gbóná kí ẹ̀rọ amúlétutù lè fẹ́ dáadáa, mo ní ẹ ṣeun.